Òfin Tuntun Lórí Kòkó: Ta Ni Yóò San Owó Igbó?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ sísè tàbí ti aṣọ rírán. Síbẹ̀, ó kan ìkòkò ọbẹ̀, ó kan owó ilé-ìwé ọmọ, ó sì kan ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò jogún. Ọ̀rọ̀ kòkó ni, àti ọ̀rọ̀ igbó tí a ń ṣán kí kòkó tó lè rí àyè hù.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí kòkó ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, òun náà ni ó sì gbé Ilé Kòkó ga fíofío ní Ìbàdàn ní 1965. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ́ pé kòkó ni bàbá wọn fi rán wọn lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí kòkó tó di owó, igbó ni a kọ́kọ́ ń fi rà á. Owó igbó yìí ni ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ọn láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé.

Nísinsìnyí, àwọn tí ń ra kòkó lọ́wọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí í ṣe oníbàárà tí ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó Nàìjíríà, ṣe òfin pé kòkó tí a bá gbìn sórí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Òfin rere ni lójú ẹni tí ó fẹ́ràn igbó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣètò owó ilé rí mọ̀ pé kò sí ohun rere tí kì í náni ní nǹkan. Ìbéèrè tí ó tọ́ kí á bi ni pé àpò ta ni owó náà yóò ti jáde. Èrò mi ni pé òfin tí a ṣe ní ibi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ lè dá igbó sí ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá a sí pẹ́ títí bí ó bá jẹ́ pé orí àgbẹ̀ kékeré àti aya rẹ̀ nìkan ni a di ẹrù rẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí á jọ tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Bí kòkó ṣe ń lé igbó sẹ́yìn

Igi kòkó kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Igbó ńlá Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, abẹ́ ìbòòji igi gíga ni ó sì ń gbé níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn bàbá wa gbà á, wọ́n wá ilẹ̀ tí ó jọ ilé rẹ̀ fún un. Ilẹ̀ igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán bá a lára mu: ewé tí ó ti ń jábọ́ tí ó sì ń jẹrà láti ìgbà pípẹ́ ti sọ ilẹ̀ náà di ọlọ́ràá, koríko kò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rinrin sì wà. Àgbẹ̀ a dá ìrókò, arère tàbí òmọ̀ mélòó kan sí fún ìbòòji. Àwọn obìnrin a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò sáàárín àwọn ọ̀dọ́ igi náà, kí wọ́n lè ṣíji bò wọ́n, kí ilé sì rí nǹkan jẹ ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí kòkó kò tíì so.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 sí 30, ó máa ń rẹ igi náà. Ilẹ̀ a ti ṣá, kòkòrò a ti mọ ọ̀nà oko, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú lásìkò òjò a sì máa jà. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú àgbẹ̀ nígbà náà. Èkínní ni kí ó hú igi ogbó, kí ó ra ajílẹ̀, kí ó gbin òmíràn sí ojú kan náà, kí ó sì fi ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró láìrí owó níbẹ̀. Èkejì ni kí ó wọ inú igbó tuntun, níbi tí ọ̀rá ilẹ̀ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá yan èkejì, kì í ṣe nítorí pé ó kórìíra igbó. Ìṣirò ilé ni ó ṣe. Igbó ni ajílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀.

Bí kòkó ṣe rìn ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Ní Agége ni J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní oko kòkó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá; lónìí, ilé àti ọjà ni ó kún Agége. Kòkó gba ẹ̀bá Ìbàdàn kọjá, ó gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, ó dé Oǹdó àti Ìdànrè. Nígbà tí igbó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé ń tán lọ, ọwọ́ kan igbó ọba. Oko kòkó wà nínú igbó ọba Olúwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó wà nínú igbó ọba Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ́ẹ̀ igbó Ọmọ̀ yìí ni UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé láti 1977, tí erin sì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ má ṣe rò pé erin àti ọ̀bọ nìkan ni ó ń pàdánù. Ewé eéran àti ewé gbódógì tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, abẹ́ ìbòòji igbó ni wọ́n ti ń hù. Ìgbín kò fẹ́ oòrùn. Ibi tí ilẹ̀ bá ti tutù tí ewé sì bò ó ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo àti egbò igi tí àwọn ìyá àgbà ń já fún àgbo ọmọ, àti ìsun omi tí kì í gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn nítorí igi tí ó ṣíji bò ó. Ìyá tí ó ń fi ọ̀rá nílọ́ọ̀nù sè mọ́ínmọ́ín lónìí nítorí pé ewé ti wọ́n lọ́jà ń san lára owó igbó náà, bí kò tilẹ̀ ní igi kòkó kan ṣoṣo.

Iye owó náà jẹ́ òfin

Bí a bá gbọ́ òfin, ọkàn wa a máa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ra irè oko náà jẹ́ òfin, ó sì lágbára ju ọ̀pọ̀ òfin inú ìwé lọ. Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó sílẹ̀, èyí tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ sí Bọ́ọ̀dù. Iye tí Bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí a ń ta kòkó lókè òkun. Ìyókù di owó ìjọba. A fi owó náà ṣe nǹkan ńláńlá bí èyí tí mo mẹ́nu bà lókè, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò rí èyí tí yóò fi tún oko ogbó ṣe. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969, ọ̀rọ̀ owó orí ni ó wà lẹ́nu wọn jù, ṣùgbọ́n owó kòkó tí kò tó nǹkan wà lára ohun tí ó bí wọn nínú. Ní 1986, ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká, ọjà kòkó sì di ti ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́.

Àwọn kan lè rò pé bí owó kòkó bá ti pọ̀, igbó yóò sinmi. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2024, nígbà tí kòkó kò so dáadáa ní Ivory Coast àti ní Gánà, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, bẹ́ẹ̀ ó wà ní nǹkan bíi 2,500 ní 2022. Nígbà tí ó di 2025, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Bí owó bá kéré, àgbẹ̀ kò ní agbára láti tún oko rẹ̀ ṣe, ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni yóò máa wá. Bí owó bá sì ga lójijì, ẹni tí kò gbin kòkó rí pàápàá yóò gbé àdá. Ohun tí igbó nílò ni owó tí ó tó, tí ó sì dúró, tí àgbẹ̀ lè gbọ́kàn lé fún ọdún tí igi tuntun yóò fi so.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa, Ivory Coast àti Gánà, tí ó jẹ́ pé láàárín àwọn méjèèjì ni ó ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ ti ń wá láti ọdún pípẹ́. Ní Ivory Coast, lẹ́yìn òmìnira 1960, ìjọba Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny fi àyè gba gbogbo ènìyàn pé ẹni tí ó bá ro ilẹ̀ ni ó ni ín. Àwọn ènìyàn ti ilẹ̀ ọ̀dàn wá, wọ́n ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, wọ́n sì fi àdá àti iná wọ igbó. Orílẹ̀-èdè náà di àkọ́kọ́ ní àgbáyé nínú kòkó. Ó sì pàdánù ohun tí ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá igbó rẹ̀ lọ. Ní 2016, ìjọba lé àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nínú igbó àìgbọdọ̀-dé Mont Péko jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì ru ẹrù wọn kúrò. Òfin kan ṣí ilẹ̀kùn igbó sílẹ̀, òfin mìíràn tì í. Ní àlọ àti ní àbọ̀, ìyá àti ọmọ ni ẹrù wà lórí wọn.

Ní 2017, ní ìlú Bonn ní Jámánì, ìjọba Ivory Coast àti ti Gánà pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra kòkó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní jẹ́ kí a tún sọ igbó di oko kòkó mọ́. Láti ìgbà ìkórè 2020 sí 2021, ìjọba méjèèjì tún béèrè dọ́là 400 lé orí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí àgbẹ̀ lè rí owó tí ó tó gbọ́ bùkátà. Àwọn oníbàárà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n wá dín owó àfikún mìíràn tí wọ́n ti máa ń san tẹ́lẹ̀ kù. Ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, a fi ọwọ́ òsì gbà á padà.

Ohun tí Bràsíìlì fi hàn wá

Kí á tó dá òfin Yúróòpù lẹ́jọ́, ó yẹ kí á wo ibi tí irú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí. Ibẹ̀ ni igbó Amazon ní ilẹ̀ Bràsíìlì, oúnjẹ tí ọ̀rọ̀ náà sì dá lé ni ẹ̀wà sóyà, tí wọ́n fi ń bọ́ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ní Yúróòpù àti ní Ṣáínà. Ní 2006, ẹgbẹ́ Greenpeace tú u síta pé sóyà tí a gbìn sí ojú igbó Amazon tí a pa run ni ó ń di oúnjẹ adìẹ tí àwọn ará Yúróòpù ń jẹ. Ariwo ta. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra sóyà ti ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní ra sóyà tí ó bá ti ilẹ̀ Amazon tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa igbó rẹ̀ jáde mọ́.

Àdéhùn náà so èso. Ní ọdún méjì tí ó ṣáájú rẹ̀, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ tuntun tí wọ́n gbin sóyà sí ní Amazon ni ó jẹ́ igbó. Nígbà tí ó di 2014, ó ti dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 100. Ìjọba náà kò káwọ́ gbera. Ó ń fi àwòrán tí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì ń yà láti òfurufú ṣọ́ igbó, àti láti 2008, ó ní kí àwọn báńkì má ṣe yá àgbẹ̀ tí ó bá rú òfin igbó lówó. Igbó tí wọ́n gé ní Amazon Bràsíìlì jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 27,772 ní 2004; ní 2012, ó ti wá sílẹ̀ sí 4,571.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkínní ni pé ọ̀nà náà rọrùn fún wọn nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ń ra sóyà kò pọ̀, olóko ńláńlá ni ó sì ń gbìn ín, tí wọ́n ní ìwé, tí wọ́n ní ẹ̀rọ. Kì í ṣe àgbẹ̀ tí ó ní hẹ́kítà méjì ni wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé òfin tí ó bo ibì kan tí ó fi ibòmíràn sílẹ̀ dà bí omi tí a dí lójú kan: yóò wá ojú mìíràn gbà. Ilẹ̀ igi àti koríko tí wọ́n ń pè ní Cerrado, tí ó wà lẹ́bàá Amazon, kò sí nínú àdéhùn náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa igi run lọ nítorí sóyà. Àdéhùn náà fúnra rẹ̀ sì bọ́ sínú àríyànjiyàn ńlá ní Bràsíìlì ní 2025, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ kan ń sọ pé ó ń fi ìyà jẹ àwọn.

Ìbéèrè tuntun: níbo ni igi rẹ̀ dúró?

Àwọn ìyá wa mọ olùyẹ̀wò kòkó dáadáa. Òun ni ó máa ń dé sítọ́ọ̀, tí yóò fi ọ̀bẹ la hóró kòkó sí méjì, tí yóò wò ó bóyá ó bu, bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, kí ó tó sọ ọ́ di gírédì kìn-ín-ní tàbí ìkejì. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: ṣé kòkó yìí gbẹ, ṣé ó mọ́? Ìyá tí ó fọ́ kòkó, tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí ó sá a, tí ó ń kó o wọlé bí òjò bá ṣú, òun ni ó ń dáhùn ìbéèrè náà pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Òfin Yúróòpù fi ìbéèrè mìíràn kún un: níbo ni igi rẹ̀ dúró? Ọjà méje ni òfin náà kàn, àti ohun tí a fi wọ́n ṣe: màlúù, kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà àti pákó. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kó kòkó wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ fi ojú ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Bí oko bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fa ìlà yí i ká. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àmì kan ṣoṣo ti tó. Wọn yóò fi èyí wé àwòrán sátẹ́láìtì láti mọ̀ bóyá igbó wà níbẹ̀ ní òpin 2020. Kòkó náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a gbìn ní ìbámu pẹ̀lú òfin orílẹ̀-èdè tí ó ti wá. Ìtanràn tí ó ga jù fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá rú òfin náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá 4 nínú 100 iye ọjà tí ó ń tà ní Yúróòpù lọ́dún kan.

Ó yẹ kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin 2024. Wọ́n sún un sí òpin 2025. Ní oṣù Kejìlá 2025, wọ́n tún sún un, sí ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àti sí àárín 2027 fún àwọn kéékèèké. Àgbẹ̀ tí ó ti náwó láti múra sílẹ̀ kò rí èrè ìmúra rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ń sọ pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹrù náà ń bọ́ sí

Ní yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ilé, ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n tọ owó kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí á tọ owó òfin yìí lẹ́sẹ̀.

Kòkó Nàìjíríà kì í ti oko lọ sínú ọkọ̀ òkun tààrà. Àgbẹ̀ ń tà á fún alágbàtà abúlé, alágbàtà ń tà á fún aràkòkó tí ó ní sítọ́ọ̀ ní ìlú, òun náà ń tà á fún ilé-iṣẹ́ tí ń kó o lọ sókè òkun. Nínú sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti ń da àpò ogún oko pọ̀. Bí a bá da gààrí ọjà méjì sínú ọpọ́n kan, ta ni yóò tún yà wọ́n sọ́tọ̀? Kòkó tí ó ti inú igbó ọba wá yóò ba ti ẹni tí kò gé igi kan jẹ́. Kí a tó lè mọ èyí tí ó mọ́, a gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ láti oko, pẹ̀lú àpò tirẹ̀, ìwé tirẹ̀, àti ọkọ̀ tirẹ̀. Gbogbo èyí, owó ni. Bí àgbẹ̀ kò bá sì ní ìwé, aràkòkó yóò rí ìdí tuntun láti já owó lórí kòkó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbin kòkó ni kì í ṣe onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni ó wà láàárín àwọn àti onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó láti ìran bàbá dé ìran ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ń béèrè ìwé láti Yúróòpù kò mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ń dáko nínú igbó ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2020. Ọjọ́ tí òfin dá kò mú wọn, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ mú wọn, nítorí náà kòkó wọn kò lè kọjá. Ṣé wọn yóò wá jókòó kí ebi pa wọ́n? Wọn yóò tà á fún oníbàárà tí kì í béèrè ibi tí igi dúró, nítorí pé kì í ṣe Yúróòpù nìkan ni ó ń ra kòkó. Kòkó tí ó mọ́ yóò gba Yúróòpù lọ, èyí tí kò mọ́ yóò gba ọ̀nà mìíràn, igbó yóò sì máa tán lọ bí ó ti ń tán tẹ́lẹ̀. Cerrado wa nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí n wá sórí èyí tí ó kàn wá jù. Nígbà tí àwọn tí ń ya àwòrán oko bá dé, orúkọ ta ni wọ́n ń kọ? Orúkọ baálé ni. Obìnrin tí ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣíji bo kòkó, tí ó ru omi tí wọ́n fi po oògùn kòkòrò, tí ó fọ́ kòkó tí ó sì sá a, kò sí nínú ìwé. Bí ọkọ bá kú, tí mọ̀lẹ́bí sì pín oko, ìwé tuntun yìí yóò di ẹ̀rí pé kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Òfin tí a ṣe láti dáàbò bo igi lè mú kí opó pàdánù oko, kì í ṣe nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ní èrò búburú, bí kò ṣe nítorí pé kò sí ẹni tí ó ránni láti bi í léèrè.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Àwọn kan yóò ní kí Yúróòpù fi òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí á jẹun. N kò sí lára wọn. Igbó Ọmọ̀ àti igbó Olúwa kì í ṣe ti Yúróòpù. Tiwa ni, a ó sì ní láti dá wọn sí bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ béèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á pín owó rẹ̀ bí ó ti tọ́. Nínú èyí, àwọn nǹkan kan wà tí obìnrin lè ṣe láìdúró de ìjọba.

Kìíní, bí ìdílé yín bá ní oko kòkó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé náà sílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ aràkòkó nìkan, nítorí ẹni tí ìwé oko yín bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa sọ iye tí òun fẹ́ rà á. Kejì, ẹ bá baálé yín sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù pé kí orúkọ yín wà pẹ̀lú tirẹ̀ lórí ìwé oko tí ẹ jọ ṣe. Kẹta, ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àgbẹ̀ kan kò lè gba ọkọ̀ fún àpò mẹ́ta, ṣùgbọ́n ogójì àgbẹ̀ lè kó kòkó wọn jọ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu kan bá oníbàárà dúnàádúrà. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Kẹrin, ẹ má ṣe dúró kí gbogbo oko gbó tán. Bí a bá ń tún díẹ̀ gbìn nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, owó kò ní dá pátápátá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò inú apá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yóò sì máa bọ́ ilé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn láti 1964 ni ó ń tọ́jú irúgbìn kòkó tí ó tètè ń so. Kí ẹgbẹ́ yín béèrè lọ́dọ̀ wọn. Ẹ dá igi ńlá sí nínú oko, kí ẹ sì jẹ́ kí ewé eéran hù lábẹ́ rẹ̀. Ìyá tí ó ń já ewé tí ó sì ń kó ìgbín lábẹ́ kòkó rẹ̀ ní owó ọwọ́ ní oṣù tí kòkó kò sí.

Ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn alágbára. Kí ìjọba wa yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà nínú igbó ọba pẹ̀lú ìlà tí ó ṣe kedere: ibi tí oko ti pẹ́, kí wọ́n sọ ohun tí yóò jẹ́ ti àgbẹ̀; ibi tí igbó ṣì wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀, ìbáà jẹ́ agégẹdú tí ó mọ ìjòyè. Kí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ṣokoléètì san owó àwòrán oko àti owó ìyàsọ́tọ̀, kí wọ́n sì ṣe àdéhùn iye owó tí kò ní yẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kí àgbẹ̀ lè tún oko gbìn láìwo igbó. Bí ará Yúróòpù bá fẹ́ ṣokoléètì tí kò ní ẹ̀jẹ̀ igbó lọ́rùn, ìfẹ́ rere ni. Kí ó fi díẹ̀ lé owó rẹ̀, kí díẹ̀ náà sì dé abúlé.

Àwọn àgbà ní àjùmọ̀jẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni gbogbo ayé fi jẹ kòkó wa, tí igbó nìkan ń san owó rẹ̀. Ní báyìí tí igbó kò ní tó san mọ́, a kò gbọdọ̀ gbà kí wọ́n kọ gbèsè náà sí orúkọ ìyá tí ń sá kòkó.